Ẹni Kẹjọ Nínú Fídíò Shimobashira

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin ìrẹsì tán ní abúlé Otosawa ní Japan lọ́dún náà, omi ṣì tẹ́ rẹrẹ nínú oko, nígbà tí ọmọbìnrin kan tó wọ dúdú láti ọrùn dé ẹsẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà Sugie Oikawa. Sugie wà níbi tó ti ń fi iyọ̀ ra ewébẹ̀ nínú korobá. Ó gbójú sókè, ó rí aṣọ dúdú, àyà rẹ̀ já.

“Ẹ káàsán o, Mama. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ yín.”

“Ọwọ́ mi ló wà. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Mama. Bí mo ṣe máa ń múra nìyí.”

Sugie nu ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ náà dáadáa. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Irun rẹ̀ gùn dé ìdí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ débi pé èèyàn ní láti na ọrùn kó tó gbọ́ ọ. Ó ní Kozue lorúkọ òun, pé Sendai lòun ti wá, àti pé ìyá àgbà òun ni Fumi tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá nígbà ayé rẹ̀.

“Fumi ẹlẹ́rìn-ín! Ṣé ìwọ lọmọ tó gun igi ẹ̀yìnkùlé mi, tó jẹ èso tí kò tíì pọ́n, tí inú fi run ún mọ́jú?”

“Èmi ni, Mama. Ẹ má bínú.”

“Ó ti pẹ́ jù fún ìbínú. Wọlé, jàre.”

Nínú ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni Sugie ti se oúnjẹ fáwọn ọmọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí àwọn ọmọ náà ku mẹ́ta péré, wọ́n tì í pa, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ síkàáwọ́ rẹ̀, torí kò sẹ́lòmíì tó mọ ibi tí òrùlé ti ń jò àti fèrèsé tó yẹ kéèyàn máa ṣí kí ilẹ̀ pákó má bàa jẹrà.

Lẹ́yìn ife tíì méjì ni Kozue tó sọ ohun tó gbé e wá. Òun àtàwọn mẹ́ta kan ló jọ ní ẹgbẹ́ olórin tó ń jẹ́ Shimobashira, ìyẹn yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń ti erùpẹ̀ sókè láàárọ̀ ọ̀tútù. Orin mẹ́tàlì, orin aláriwo onígìtá, ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ti gbé orin tuntun kan jáde, wọ́n sì fẹ́ ya fídíò rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni pé ó fẹ́ káwọn oníjó idà abúlé wá jó nínú rẹ̀, tàwọn ti ìbòjú onígi wọn.

“Gbọ̀ngàn, mo lè ṣí i fún ẹ lónìí olónìí,” ni Sugie wí. “Ti ìbòjú, Tokuzo ni wàá bá sọ ọ́. Orí Tokuzo sì le ju ìbòjú lọ.”

Àbúrò Eikichi, ọkọ Sugie tó ti ṣaláìsí, ni Tokuzo. Òun ni olórí àwọn oníjó láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, àmọ́ olórí lásán ni, torí láti ọdún náà wá kò sẹ́ni tó tún jó. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn oníjó tó kù kóra jọ sílé ìpàdé abúlé. Kozue wà níbẹ̀, òun àti Hatanaka, ọ̀dọ́kùnrin tín-ín-rín kan tí yóò ya fídíò náà. Sugie lọ bá wọn po tíì.

“Jẹ́ ká gbọ́ orin ọ̀hún,” ni Tokuzo wí.

Kozue fi fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́. Gìtá bú, ìlù ya lulẹ̀ bí òkò tó ń dà láti orí òkè, ohùn kan sì ń ké láàárín wọn bí ẹni tí ilẹ̀kùn há mọ́.

“Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ mi ló ń kú lọ yẹn?” ni Tokuzo bi wọ́n.

Kuramochi, tó dàgbà jù nínú wọn, yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ròó kúrò létí rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. “Ẹ máa gbé e lọ, ó ti dùn gan-an báyìí.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Kozue náà rẹ́rìn-ín. Tokuzo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ijó òkú lijó wa. Oṣù kẹjọ, táwọn òkú bá wálé, la fi ń kí wọn. A kì í jó o sí ariwo.”

“Bàbá, ẹni tó kú náà ni mo kọ ọ́ fún.”

“Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó dáa, jẹ́ n bi ẹ́ léèrè kan. Ojú iwin ló wà lára ìbòjú wa, àbí? Eyín síta, ojú rangandan. Kí ló dé tí kò sí ìwo lórí wọn?”

Kozue kò ronú rárá. “Torí wọn kì í ṣe iwin. Ìyá àgbà mi sọ fún mi. Búdà ni wọ́n, ojú burúkú ni wọ́n gbé wọ̀ kí wọ́n fi lé ibi lọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́ orin tí mò ń kọ, Bàbá. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, mo dúró lẹ́yìn ìyá àgbà, ẹ̀rù bà mí, mo ń sunkún, síbẹ̀ mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró. Bí mẹ́tàlì ṣe rí nìyẹn. Ojú rẹ̀ ló burú, inú rẹ̀ ò burú.”

Tokuzo mu tíì rẹ̀ tán. Ó ní, “Méje la kù. Ẹni mẹ́jọ ló ń jó o.”

“Méje náà tó, Bàbá,” Hatanaka dá sí i. “Nínú fídíò, kò sẹ́ni tó máa kà á.”

“Èmi á kà á. Méje kì í ṣe ijó, ìrìn ni.”

Kò sẹ́ni tí wọn ò ti rò ó kan. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Sendai àti Tokyo, àwọn àgbà tó kù, orúnkún ò gbà wọ́n láyè mọ́. Sugie gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù.

“Èmi mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ mọ kí ni, Ẹ̀gbọ́n?” ni Tokuzo bi í.

“Ijó náà. Ogójì ọdún ni ẹ̀gbọ́n rẹ fi ń dá a jó nínú pálọ̀ mi. Ta lo rò pé ó ń bá a ka ẹsẹ̀? Ológbò?”

“Obìnrin kì í wọ ìbòjú yẹn.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Kuramochi ti ń ki ẹ̀rọ rẹ̀ padà sétí.

“Bàbá mi.”

“Bàbá ẹ náà ló ní wọn ò gbọ́dọ̀ fa tẹlifóònù wọ abúlé yìí, pé yóò máa ji adìyẹ.”

Ẹ̀rín tún sọ. Tokuzo fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ti pá. “Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá ṣubú, ẹ má dárúkọ mi o.” Bí Tokuzo ṣe ń gbà nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi múra. Sugie lọ gbé ìbòjú búlúù Eikichi jáde láti inú àpótí. Òórùn òógùn ọkọ rẹ̀ ṣì wà lára pákó náà, níbi tí imú máa ń kàn, pẹ̀lú ti ìpara tó máa ń fi pa èjìká. Ó gbé e wọ̀, ó bọ́ ọ, ó jókòó fúngbà díẹ̀ kó tó tún un wọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ijó náà ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Tokuzo bá a wí nípa ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn ìyẹn kò bá a wí mọ́.

Òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fídíò náà. Ó ń lu òrùlé ilé ẹ̀kọ́, Hatanaka sì ń wo òkè bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Sugie ti gbé abọ́ ìfọṣọ sábẹ́ ibi mẹ́ta tó ń jò. Àwọn olórin náà to ẹ̀rọ wọn síwájú pèpéle tí àwọn ọmọ ti máa ń gba ìwé ẹ̀rí. Onílù wọn, ọmọ gìrìpá kan, bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe yẹ, ó sì kí gbogbo àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Sugie rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Àmọ́ láti inú fóònù nìkan ló ti gbọ́ orin náà rí. Kò mọ̀ bó ṣe máa ń rí nígbà téèyàn àtòun bá jọ wà nínú ilé kan náà. Nígbà tí gìtá bẹ̀rẹ̀, etí kọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Ó gba inú pákó ilẹ̀ wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gun egungun, ó wọ àyà, ó jókòó síbẹ̀. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bẹ̀rẹ̀ sí í jó, idà lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ nílẹ̀, ìyípo kan, ìyípo méjì. Ó yà á lẹ́nu pé ijó àtijọ́ náà bá ìlù tuntun yìí mu. Ó dà bíi pé wọ́n ti mọra tẹ́lẹ̀.

Ní ìyípo kẹfà ni Kozue la ẹnu.

Ọmọ tó ń fi ohùn ẹyẹ sọ “ẹ jọ̀ọ́, Mama” láti àárọ̀ ké igbe kan tí Sugie kò mọ̀ pé èèyàn ní nínú ara. Kì í ṣe igbe ìbínú, kì í sì ṣe ti ìbẹ̀rù. Ẹsẹ̀ Sugie dúró. Idà rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Ó yíjú sí fèrèsé, níbi tí òjò ti ń ṣàn lára gíláàsì, ó sì rí ọjọ́ kan tí kò fẹ́ rí.

Ọdún àjàkálẹ̀ àrùn ni. Wọ́n gbé Eikichi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lọ wò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, ohùn náà ń tín-ín-rín sí i lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó fi nǹkan bo imú gbé àpótí funfun kékeré kan wá sílé, eérú òkú Eikichi tí wọ́n ti sun wà nínú rẹ̀. Sugie forí balẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó bi í bóyá yóò mu tíì. Láti ọjọ́ náà, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín pé ó ṣe ọkàn akin. Kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, nígbà tó sì fẹ́ sunkún lóun nìkan, kò rí ẹkún náà mọ́, bí ohun téèyàn tọ́jú síbi tí kò rántí.

Igbe tó yẹ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde níwájú àpótí funfun yẹn ló ń ti ẹnu ọmọ yìí jáde. Sugie dúró. Àwọn méje ń jó yí i ká, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá, òjò ń rọ̀, gìtá ń bú, títí orin fi parí.

Ó ṣí ìbòjú. “Ẹ má bínú. Mo ti bà á jẹ́.”

Hatanaka tẹ orí ba ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wo ohun tó yà. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Mama, ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́.” Síbẹ̀, nítorí Tokuzo, wọ́n tún un jó lẹ́ẹ̀mejì sí i, Sugie sì jó gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ pé láìfo ọ̀kan.

Lọ́sàn-án, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ pákó, wọ́n ń jẹ ìrẹsì tí Sugie fi ọwọ́ dì, pẹ̀lú ọbẹ̀ míso gbígbóná. Kozue ń mu omi oyin kó fi tọ́jú ọ̀fun. Sugie sún mọ́ ọn.

“Ọmọ mi, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú orin yẹn. Kí lò ń wí?”

Kozue tijú. “Kò pọ̀, Mama. Mò ń pe orúkọ ìyá àgbà mi. Mo wá ń sọ pé, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ìyẹn náà ni, mò ń tún un sọ ṣáá ni. Ọdún tí wọn ò jẹ́ ká wọlé lọ wo ẹnikẹ́ni ló kú. Mo kọ́kọ́ fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ ọ́, pẹ̀lú pianó. Ó dùn, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ tí mo bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, irọ́ ló máa ń dà.”

Sugie bu ọbẹ̀ sí i fún un. “Eikichi náà,” ni ó wí, “ọdún yẹn ni.”

Kozue gbé abọ́ sílẹ̀, ó sì tẹrí ba fún un.

Fídíò náà jáde ní ìparí oṣù keje. Ọmọ ọmọ Kuramochi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Asagi, so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá nílé ìpàdé, abúlé sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ni, síbẹ̀ wọ́n wò ó bí ẹni pé ìlú míì ni. Gbọ̀ngàn àtijọ́, òjò lára gíláàsì, abọ́ ìfọṣọ Sugie tí omi ń kán sí, iwin mẹ́jọ tí kò ní ìwo. Igbe náà dé, iwin aláwọ̀ búlúù dúró. Èyí àkọ́kọ́, tí Sugie ti ṣàṣìṣe, ni Hatanaka lò. Ẹ̀rọ sún mọ́ ìbòjú náà díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀ títí tó fi fẹ́ sú èèyàn, àmọ́ kò sú ẹnikẹ́ni.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ti wò ó. Asagi tún kó wọn jọ, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún wọn.

“Ẹnì kan láti Brazil ní: ẹni kẹjọ yẹn ni òkú láàárín àwọn alààyè.”

“Ó gbìyànjú,” ni Kuramochi wí.

“Ẹnì kan láti Finland ní rárá o, ẹni kẹjọ ni alààyè kan ṣoṣo láàárín àwọn òkú. Wọ́n ti ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹlòmíì kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí ìtumọ̀ mẹ́jọ.”

“Ìtumọ̀ mẹ́jọ ni pé kì í ṣe méje,” ni Tokuzo wí.

“Èyí wá láti Osaka. Ó ní: ‘Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo wà níbi iṣẹ́ lọ́dún náà, ní iyàrá táwọn ẹbí ò lè wọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń wo fídíò yìí kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Tí ẹni yẹn bá ti dúró, èmi náà á dúró. Lẹ́yìn náà mo lè lọ.’”

Sugie ní, “Tún ìyẹn kà.” Asagi tún un kà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Tokuzo wí, “kí ló mú yín dúró gan-an?”

Gbogbo ojú yí sí i. Sugie tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ orí itan rẹ̀ dáadáa. “Mo gbàgbé ẹsẹ̀ tó kàn.”

Kuramochi fẹ́rẹ̀ẹ́ ti orí tìmùtìmù yí lulẹ̀. “Ẹ bá mi sọ fún ará Finland o! Ó gbàgbé ẹsẹ̀ ni!” Ilé ru gùdù fún ẹ̀rín, Sugie náà ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í sì ṣe irọ́ ló pa.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, òun àti Tokuzo jọ rìn létí oko ìrẹsì. Òòrùn ò tíì wọ̀. Tokuzo ń rìn níwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ ti òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lọ́nà fún un.

“Ẹ̀gbọ́n. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ yẹn, nígbà tẹ́ ẹ dúró.”

“Mo rí ẹ.”

“Mo gbọ́ yín. Nínú ìbòjú.”

“Kí lo gbọ́? Mi ò sọ nǹkan kan.”

“Ẹ ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ń pariwo, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ń pariwo gidi.”

Sugie dúró lójú ọ̀nà. Kò mọ̀ ọ́n rárá. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀, ó wá rántí pé ọ̀fun náà dun òun fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, tí òun sì rò pé òjò ló fà á.

“Ta ló tún gbọ́?”

“Ta ni yóò gbọ́? Pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn?” Tokuzo kò wẹ̀yìn. “Nígbà tí mo rí i pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́, èmi náà pè é.”

Wọ́n rìn lọ. Àkèré ń ké nínú oko lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí wọ́n dé ìkòríta, Tokuzo kí i pé ó dàárọ̀, ó sì ní kó má gbàgbé pé ìdánrawò ọjọ́ Jímọ̀ ti di aago mẹ́rin, torí oṣù kẹjọ ti dé tán, àwọn òkú ò sì ní dúró de ẹni tí kò mọ ọwọ́ òsì.

Ní oṣù kọkànlá, Shimobashira wá ṣeré ní Morioka, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Kozue fi ìwé ìwọlé méjì ránṣẹ́, Sugie àti Tokuzo sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n dúró sí, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó wọ dúdú bí ẹni tó wá síbi òkú. Obìnrin kan tó fi òrùka símú na ohun ìdìtí sí wọn.

“Ẹ gbà, Bàbá, ariwo rẹ̀ máa pọ̀ o.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Ariwo yẹn ni mo wá gbọ́.”

Sugie gba tirẹ̀, ó fi sápò. Nígbà tí orin ìyá àgbà Kozue dé, ẹgbẹ̀ta èèyàn la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú ń pe orúkọ tó ń pè, ìkan ò gbọ́ ti ìkejì. Sugie pe tirẹ̀. Lẹ́yìn eré, wọ́n jẹ núdù gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, Tokuzo ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì mu omi ọbẹ̀ rẹ̀ tán pátá. Ó sùn nínú ọkọ̀ láti Morioka délé, Sugie sì ń wo àwọn òkè bí wọ́n ṣe ń kọjá, ohùn rẹ̀ ti há, ara rẹ̀ sì fúyẹ́.